Lẹ́ńsì Tó Kéré Ju Irun Orí Lọ

Ìtàn tòní kò jìnnà sí Loganville níbí rárá. Norcross ni, níbi tí ilé-iṣẹ́ Western Electric ti ń ṣe wáyà tẹlifóònù tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 1976, àwọn onímọ̀ Bell Labs dán okùn gíláàsì wò níbẹ̀. Okùn 144 ni wọ́n kó sínú wáyà kan, ìmọ́lẹ̀ sì ń gbé ọ̀rọ̀ gba inú wọn kọjá.

Irú okùn bẹ́ẹ̀ ló ń gbé ohùn ìyá àgbà dé ọ̀dọ̀ yín láti Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n báwo ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ráyè wọ inú rẹ̀? Ojú ọ̀nà tó ń gbà, láàárín gíláàsì náà, kò tó ìdá 1 nínú 100 mìlímítà. Ìmọ́lẹ̀ léésà sì máa ń fọ́n ká tó bá ti jáde, èyí tó pọ̀ jù á sì ṣòfò.

Lọ́dún 1982, Kawachi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jàpáàn, àti Eisenstein pẹ̀lú Vitello ní Bell Labs, kọ̀wé nípa ọ̀nà àbáyọ kan náà: ẹ ri ẹnu okùn náà bọ ásíìdì. Wọ́n ti po germanium mọ́ gíláàsì àárín, nítorí náà ásíìdì tí wọ́n lò kì í tètè jẹ ẹ́ bó ṣe ń jẹ èèpo rẹ̀. Èèpo á máa jẹ lọ, àárín á yọ ṣónṣó bí ẹnu pẹ́ńsù tí a gbẹ́. Ṣónṣó yẹn ni lẹ́ńsì tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ. Àwọn mìíràn tún máa ń fi iná yọ́ orí rẹ̀ kó lè rí roboto.

Hydrofluoric acid ni ásíìdì tó ń jẹ gíláàsì yìí, nọ́ọ̀sì sì ni mí, mi ò lè sọ ìtàn rẹ̀ kí n má kìlọ̀. Bí kò bá lágbára púpọ̀, ó lè kanni lára kó má dunni fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ṣùgbọ́n ó ti ń wọlé lọ, ó ń gba calcium inú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè dá ọkàn dúró. Ó wà nínú àwọn oògùn ìfọpata kan àti ti ìfọ táyà mọ́tò. Ẹ ka ara ike kí ẹ tó rà á. Tó bá kàn yín, ẹ fi omi ṣàn án lójú ẹsẹ̀, ẹ gba ọsibítù lọ, kí ẹ sì dárúkọ rẹ̀ fún wọn, torí jẹ́ẹ̀lì calcium gluconate la fi ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ má dúró de ìrora.

Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ó dọjọ́ mìíràn.