Gìtá tí Ó ń Kùn: Ohùn tí A Fẹ́ àti Ohùn tí A Kò Fẹ́

Láti Igbó-Ọrà títí dé Èrúwà, àti ní gbogbo ìlú Ìbàràpá méje, kò sí ẹni tí yóò bi onídùndún pé kí ni ṣaworo ń wá létí ìyá ìlù. Bí kò bá dún, ohùn ìlù kò pé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìda tí onílù bàtá ń lẹ̀ mọ́ ojú awọ: ó ń pa ohùn kan kí òmíràn lè yọ. Ó ti pẹ́ tí ọmọ Àyàn ti mọ bí a ti í ya ohùn tí a fẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí a kò fẹ́. Gìtá ni ó wá dán ọgbọ́n yìí wò.

Ọ̀nà òkun ni gìtá gbà wọlé. Àwọn atukọ̀ Kru láti Làìbéríà wà lára àwọn tí ó tan bí a ti ń ta á kálẹ̀ ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 1936, Túndé King kọ orin jùjú sí àwo. Ní 1957, I. K. Dairo dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, gìtá oníná sì di ọ̀kan lára ohun èlò jùjú.

Ní Amẹ́ríkà, Orville Gibson ti ń gbẹ́ irú gìtá kan láti nǹkan bí ọdún 1890 sókè: ojú rẹ̀ yọ bí ẹ̀yìn ahun, gẹ́gẹ́ bí ti fayolíìnì. Ní 1922, ilé iṣẹ́ Gibson gbé èyí tí a ń pè ní L-5 jáde, oníhò méjì tí ó rí bí lẹ́tà f. A kì í fi àtè lẹ igi kékeré tí okùn ń gbà kọjá mọ́ ojú rẹ̀. Agbára okùn nìkan ni ó dì í mú. Bí ohun tí a so pọ̀ ti pọ̀ tó lára rẹ̀ ni ohun tí ó lè kùn ti pọ̀ tó.

Nítorí náà, ìwádìí ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú ayùn. Bí kíkùn bá wà lórí okùn kan ṣoṣo, ní ojú kan ṣoṣo, irin tí ó dábùú ọrùn gìtá ni kí a kọ́kọ́ fura sí: bóyá ọ̀kan ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ okùn tí a kò tẹ̀ ni ó ń kùn, a ó wo ihò tí ó gbà kọjá ní òkè ọrùn, bóyá ó ti jìn jù. Ṣùgbọ́n bí ohùn kan náà bá ń ru kíkùn sókè lórí okùn yòówù kí a ti ta á, nǹkan kan ni ó ti tú: ìdè ni, tàbí pátákó tí a fi ń gba ọwọ́, tàbí igi inú tí ó ti ya kúrò. A ó máa fi ìka tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan bí a ti ń ta ohùn náà. Èyí tí a tẹ̀ tí ariwo sì dákẹ́ ni ẹlẹ́ṣẹ̀. Ìdè tí ó tú, a ó dè é. Igi tí ó ya, a ó fi àtè lẹ̀ ẹ́.

Ojú ọjọ́ Ìbàràpá náà ń ṣe tirẹ̀. Nígbà ọyẹ́, igi a máa gbẹ, ojú gìtá a rẹlẹ̀, okùn a sún mọ́ irin, kíkùn a sì bẹ̀rẹ̀. Nígbà òjò, igi a wú, okùn a ga. Àgbá kékeré méjì tí ó wà lábẹ́ igi okùn ni a fi ń gbé e sókè tàbí sílẹ̀.

Ibí ni ọgbọ́n Àyàn ti nílò ìṣọ́ra. Bí òjò bá mú awọ ìlù rọ̀, onílù a gbé e sí oòrùn, ohùn rẹ̀ a sì padà. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún gìtá yóò tú àtè rẹ̀, yóò sì la ojú rẹ̀. Oòrùn tí ó ń wo ìlù sàn ni ó ń pa gìtá. Etí onílù ṣì ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n oògùn ìlù kì í ṣe oògùn gbogbo igi tí ó ń fọhùn.