Omi Òjò Ọdún 1918

Bí ẹ bá wà nínú dáńfó tàbí tí ẹ ń fọ aṣọ lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìtàn ni mo mú wá lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé wa ló jẹ́ kí n lọ wá a kà.

Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Dókítà ti kọ oògùn fún wọn. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbọ́ ìwàásù kan lórí WhatsApp pé omi àti àdúrà nìkan ni àwọn baba ìgbàgbọ́ wa lò, pé ẹni tó bá ń gbé oògùn mì, ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Àǹtí mi bá kó oògùn wọn pamọ́. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ tí apá òsì wọn kò fi ṣeé gbé mọ́.

Inú bí mi gan-an. Ṣùgbọ́n dípò kí n máa jà, mo lọ ka ìtàn àwọn baba náà.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi gbé àìsàn kan wọ Èkó. Òun ni àwọn àgbà ń pè ní lúkúlúkú. Ogun àgbáyé kìíní kò tíì parí nígbà náà. Àwọn wolé-wolé ń ti ilé dé ilé, wọ́n ń wá aláìsàn. Ẹ̀rù bá àwọn ará ìlú, ọ̀pọ̀ sá kúrò ní Èkó, àìsàn náà sì bá wọn lọ. Àwọn onímọ̀ ìtàn fojú bù ú pé nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù èèyàn ló kú ní Nàìjíríà.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn kan nínú ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's ń pàdé láti gbàdúrà. Joseph Shadare ni aṣáájú wọn. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó jẹ́ olùkọ́, Sophia Odunlami, wà láàárín wọn. Àìsàn náà mú òun alára. Ó ní Ọlọ́run fi hàn òun pé kí àwọn èèyàn máa lo omi òjò pẹ̀lú àdúrà. Ẹgbẹ́ náà ni wọ́n ń pè ní Precious Stone, ìyẹn Òkúta Iyebíye. Ní 1922, wọ́n kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà. Lára gbòǹgbò yìí, àti ìsọjí Joseph Ayo Babalola ní Iléṣà ní 1930, ni ìjọ CAC ti hù jáde.

Ìbéèrè mi rèé: oògùn wo ló wà fún lúkúlúkú ní 1918? Kò sí èyí tó lè wò ó sàn! Ọdún 1928 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí penicillin. Ọdún 1933 ni wọ́n tó dá kòkòrò tó ń fa àìsàn náà mọ̀ lára èèyàn. Dókítà òyìnbó fúnra rẹ̀ kò ní oògùn tó lè wò ó sàn. Omi ló wà nílẹ̀.

Mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀ o: nígbà tó yá, ẹgbẹ́ náà bá Faith Tabernacle ti Philadelphia ní Amẹ́ríkà ṣe, ìjọ tí kò fẹ́ oògùn rárá, àwọn náà sì di ẹ̀kọ́ yẹn mú. Ṣùgbọ́n ohun tó wú mi lórí ní 1918 ni pé nígbà tí àwọn èèyàn ń sá fún aláìsàn, àwọn wọ̀nyí sún mọ́ ọn. Ẹni tí ibà ń jó lára nílò omi, ó sì nílò ẹni tí kò ní fi í sílẹ̀.

Mo lọ jókòó ti àǹtí mi, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ olùkọ́ yẹn, wọ́n dá mi dúró.

“Ṣé àìsàn náà mú òun náà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Wọ́n dákẹ́. Omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, “Mo ti rò pé nítorí ìgbàgbọ́ mi kéré ni mo ṣe ń ṣàìsàn.”

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ìdí tí ìwàásù yẹn fi wọ̀ wọ́n lára. Oògùn kọ́ ni wọ́n ń sá fún. Ìtìjú ni.

Lónìí, àǹtí mi máa ń bu omi sínú ife láràárọ̀. Wọ́n á gbàdúrà sí i, wọ́n á sì fi omi kan náà gbé oògùn wọn mì. Apá náà ti ń gbéra díẹ̀díẹ̀.

Bí ẹ bá ní ẹnì kan nílé tó ti kó oògùn pamọ́ nítorí ìwàásù, ẹ má kọ́kọ́ bá a jà. Ẹ lọ jókòó tì í. Ó dìgbà o.