Apicoplast: Ilé Ìdáná Ewé Tó Wà Nínú Kòkòrò Ibà

Apicoplast ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún ẹ̀yà ara bíńtín kan tó wà nínú Plasmodium, kòkòrò àìfojúrí tí ẹ̀fọn ń gbé wọ ara ènìyàn, tó sì ń fa ibà. Àwọn ìbátan Plasmodium náà ní i: Toxoplasma tí ológbò ń tàn kálẹ̀, àti Babesia tó ń bá màlúù jà. Ọ̀dọ̀ ewéko ló ti ṣẹ̀ wá. Ẹbí kan ni òun àti chloroplast, ohun tó ń mú kí ewé ẹ̀gẹ́, tẹ̀tẹ̀ àti kókò ní àwọ̀ ewé, níbi tí ewé ti ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn, omi àti afẹ́fẹ́ se oúnjẹ. Iṣẹ́ ìdáná yìí là ń pè ní fọtosíńtẹ́sìsì. Kòkòrò ibà kì í ṣe é, nítorí inú ẹ̀dọ̀ àti inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé, oòrùn kì í sì í dé ibẹ̀. Síbẹ̀ ilé ìdáná náà ṣì wà lára rẹ̀, iná ti kú nínú rẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wó o, onílé á kú. Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé inú ewé ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ nípa ibi tí kòkòrò yìí ti rọ̀ jù lọ, àti pé ẹni tó bá ń ya ìwádìí ewé sọ́tọ̀ kúrò lára ìwádìí àrùn kò tíì wo ìtàn yìí dáadáa.

Ó pẹ́ kí ojú tó ríran débẹ̀. Ọdún 1880 ni Alphonse Laveran, dókítà ológun ọmọ ilẹ̀ Faransé, rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ní ìlú Constantine ní Àlgéríà. Ní 1897, Ronald Ross rí i nínú ikùn ẹ̀fọn ní Íńdíà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gún aláìsàn níka, tí wọ́n ń tẹ́ ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì, tí wọ́n ń fi aró Giemsa kùn ún, tí kòkòrò náà sì ń yọ lábẹ́ mákírósíkóòpù bí òrùka olókùúta: òrùka náà búlúù, òkúta rẹ̀ pupa. Apicoplast wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn, aró náà ni kì í fi í hàn. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn olùwádìí rí DNA kan tó ká roboto nínú kòkòrò tó ń fa ibà lára ẹyẹ, wọ́n sì kà á sí ti mitochondrion, ilé agbára tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì tiwa náà. Wọ́n ṣì í. Iain Wilson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mill Hill ní ìlú London ló fara balẹ̀ ka irú DNA bẹ́ẹ̀ nínú kòkòrò ibà ti ènìyàn, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, nǹkan bí 35,000, tí wọ́n sì tẹ gbogbo rẹ̀ jáde ní 1996. Bí àwọn jíìnì inú rẹ̀ ṣe tò jọ ti chloroplast gan-an, àfi pé kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó jẹ mọ́ gbígba ìmọ́lẹ̀. Lọ́dún kan náà, Geoff McFadden, onímọ̀ ewéko ní Yunifásítì Melbourne, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, fi ibi tí DNA náà ń gbé nínú Toxoplasma hàn. Ní 1997, àwọn David Roos ní Yunifásítì Pennsylvania ka awọ tó yí ibùgbé náà ká: mẹ́rin ni. Ẹ kíyè sí irú ẹni tí McFadden jẹ́. Kì í ṣe dókítà ibà. Ó dá nǹkan náà mọ̀ nítorí pé ó ti mọ ojú rẹ̀ níbòmíràn.

Awọ mẹ́rin yẹn ló ń sọ bó ṣe wọlé. Láyé àtijọ́, sẹ́ẹ̀lì kan gbé bakitéríà kan tó ń fi oòrùn dáná mì, kò dà á, ó sọ ọ́ di ẹrú ilé ìdáná. Irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ló di álígà, ewéko wẹ́wẹ́ inú omi, irú èyí tó máa ń mú kí òkúta odò máa yọ̀. Lẹ́yìn náà ni baba ńlá àwọn kòkòrò wọ̀nyí tún gbé álígà pupa kan mì lódindi. Ẹran gbé ẹran mì, ó kù ẹran nínú ikùn ẹran; ìdí nìyẹn tí awọ fi pọ̀ tó mẹ́rin. Àwọn kan ta ko ìtàn yìí níbẹ̀rẹ̀ pé àbá lásán ni, pé bóyá álígà àwọ̀ ewé ni kì í ṣe pupa, àti pé kò bọ́gbọ́n mu láti máa pe ohun tó ń pa ọmọdé ní ìbátan ewé. Apá tó kẹ́yìn nínú àtakò yìí ní òótọ́ nínú: Plasmodium kì í ṣe ewéko, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń ṣàsọdùn. Ẹrù ewéko ló rù. Ṣùgbọ́n lórí álígà pupa, ẹ̀rí dé láti ibi tí ẹnì kankan kò fojú sí. Nínú iyùn òkun ní èbúté Sydney ní Ọsirélíà ni wọ́n ti rí sẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n sọ ní Chromera velia, tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2008. Ìbátan tímọ́tímọ́ ni sí àwọn kòkòrò ibà, síbẹ̀ iná ṣì ń jó nínú ilé ìdáná tirẹ̀. Ó ń fi oòrùn se oúnjẹ lójoojúmọ́. Nígbà tí wọ́n fi chloroplast tirẹ̀ wé apicoplast ní 2010, orísun kan náà ló yọ, álígà pupa.

Kí ló wá dé tí kòkòrò ibà kò ju ilé ìdáná tí kò lò mọ́ sí igbó? Èsì rẹ̀ wà nínú epo pupa. Ohun tó ń mú epo pupa pọ́n wà lára ìdílé kẹ́míkà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní isoprenoid, inú ilé ìdáná ewéko ni ẹyin ọ̀pẹ sì ti ń ṣe é, láti ara bíríkì kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ IPP. Apá kan lára kẹ́míkà àwọ̀ ewé pàápàá, bíríkì yìí ni wọ́n fi mọ ọ́n. Kò sí ohun alààyè tí kì í lo IPP. Àwa ènìyàn náà ń ṣe é, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀tọ̀ là ń gbà. Ọ̀nà ti ewé jẹ́ ohun tí Michel Rohmer ní ilẹ̀ Faransé ṣàwárí lára bakitéríà, tí Hartmut Lichtenthaler ní Karlsruhe ní Jámánì sì rí lára ewéko ní àwọn ọdún 1990. Ẹni tó fi ayé rẹ̀ wo àwọ̀ ewé àti fọtosíńtẹ́sìsì ni Lichtenthaler. Ní 1999, Hassan Jomaa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé ọ̀nà yìí gan-an ni kòkòrò ibà ń gbà nínú apicoplast, àti pé fosmidomycin, oògùn kan tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ń pa bakitéríà, ń dí i. Orúkọ Lichtenthaler wà lára àwọn tó kọ ìròyìn náà. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti sọ fún un pé kó fi ewé sílẹ̀ kó lọ wo àrùn, ta ni ì bá mọ̀ pé ọ̀nà náà wà láti wá?

Àtakò tó wúwo jù ni ti oògùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ibà pa nǹkan bí 597,000 ènìyàn ní 2023, àti pé nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́wàá wọn jẹ́ ti Nàìjíríà. Ìyá tí ara ọmọ rẹ̀ ń gbóná kò ní í bi wá léèrè awọ mẹ́rin. Wọ́n dán fosmidomycin wò lára aláìsàn ní Gabon àti ní Thailand: ó lé kòkòrò lọ kíákíá, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lò ó lóun nìkan, ibà padà sára ọ̀pọ̀ wọn, kò sì tíì di oògùn ibà tí à ń rà. Òótọ́ ni. Ó sì tún jẹ́ òótọ́ pé doxycycline, tí àwọn arìnrìn-àjò ń lò kí ibà má baà mú wọn, ti wà lórí àtẹ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé apicoplast ló ń bá jà. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ náà ló sọ ohun tí oògùn náà lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe. Nínú ìgò yàrá ìwádìí, bí wọ́n bá da doxycycline tàbí oògùn mìíràn bíi tirẹ̀, clindamycin, lé kòkòrò ibà, kòkòrò náà á parí ìyípo wákàtí 48 rẹ̀ bí ẹni pé nǹkankan kò ṣẹlẹ̀, á bímọ, àwọn ọmọ á wọnú sẹ́ẹ̀lì pupa tuntun. Ìran kejì yìí, tí kò jogún apicoplast tó pé, ló ń kú. Nítorí náà, ẹni tí ibà ti gbé dákú kò gbọdọ̀ dúró de doxycycline nìkan. Àfi kí wọ́n fi oògùn tó yára kún un. Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ lè rò pé ayédèrú oògùn ni wọ́n tà fún òun.

Ìwádìí náà ti ṣì ẹsẹ̀ gbé rí, kò sì yẹ ká bò ó mọ́lẹ̀. Ní 2001, àwọn kan kéde pé triclosan, tí wọ́n ń fi sínú ọṣẹ, ń pa kòkòrò ibà nípa dídí ibi tó ti ń ṣe ọ̀rá nínú apicoplast. Inú àwọn ènìyàn dùn. Nígbà tó yá, wọ́n yọ jíìnì tí wọ́n rò pé triclosan ń bá jà kúrò, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ kò kú. Inú ẹ̀dọ̀ ló ti nílò rẹ̀ gan-an. Ìdánwò tó yanjú ọ̀rọ̀ ni ti Ellen Yeh àti Joseph DeRisi ní San Francisco ní 2011. Wọ́n fi àǹtíbáyótíìkì wó apicoplast àwọn kòkòrò inú ìgò, lẹ́yìn náà wọ́n ń bu IPP sínú oúnjẹ wọn. Àwọn kòkòrò náà kò kú. Apicoplast pòórá pátápátá lára wọn, wọ́n sì ń bí sí i, níwọ̀n ìgbà tí IPP kò bá tán. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, nítorí bíríkì kan ṣoṣo yẹn ni kòkòrò ibà ṣe ń tọ́jú ilé ìdáná náà. Láti ìgbà náà, ìdánwò yìí ti di òṣùwọ̀n: wọ́n á da kẹ́míkà tuntun lé kòkòrò ibà nínú ìgò méjì, wọ́n á bu IPP sí ọ̀kan. Bí ti inú ìgò IPP bá yè tí ti èkejì kú, a jẹ́ pé apicoplast ni kẹ́míkà náà ń bá jà. Báyìí ni wọ́n ṣe yẹ 400 kẹ́míkà inú àpótí tí àjọ Medicines for Malaria Venture pín fáwọn olùwádìí wò, tí wọ́n fi rí MMV008138, èyí tó ń dí ìpele kan náà tí ewé ń gbà kọjá kó tó lè ṣe àwọ̀ rẹ̀.