Ẹnìkejì Nínú Eré: Láti Ìdí Ọpọ́n Ayò dé Ilé Géèmù ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà

Kí ẹ̀rọ géèmù tó dé agbègbè Àkókó ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, ayò ọlọ́pọ́n ni àwọn àgbà fi ń najú ní Ìkàrẹ́, ní Ọ̀kà àti ní àwọn ìlú tó yí wọn ká, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ọpọ́n ayò ní ihò 12, mẹ́fà níwájú òǹtayò kọ̀ọ̀kan, ọmọ ayò 48 ni wọ́n sì ń pín sínú wọn ní mẹ́rin-mẹ́rin. Bí òǹtayò bá ta ayò yíká, tí èyí tó gbẹ̀yìn lọ́wọ́ rẹ̀ sọ ohun tó wà nínú ihò ẹnìkejì rẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, ó ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Ọ̀ta ni wọ́n ń pe ẹni tó mọ ayò í ta, ọ̀pẹ sì ni ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ ọ̀ta kò lè fi ara rẹ̀ hàn bí kò bá sí ẹni tó jókòó kọjú sí i, tí àwọn òǹwòran sì pagbo yí wọn ká. Àṣà pé eré kì í pé láìsí ẹnìkejì ni géèmù bá nílẹ̀ nígbà tó dé.

Ní Jàpáàn àti Amẹ́ríkà, inú gbọ̀ngàn ìgbafẹ́ ni géèmù ti kọ́kọ́ gbilẹ̀, lórí ẹ̀rọ gàgàrà tí ènìyàn ń sọ owó ẹyọ sí kí ó tó ṣiṣẹ́. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Konami ti Jàpáàn ṣe Contra fún ní ọdún 1987, eré ogun tí sójà méjì, Bill àti Lance, ti ń kojú ọ̀tá tó wá láti òde ayé. Ní ọdún 1988 ni wọ́n tún un ṣe fún ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ní Nàìjíríà, kì í ṣe ẹ̀rọ olówó ẹyọ ló sọ ọ́ di mímọ̀, bí kò ṣe àwọn ẹ̀dà olówó pọ́ọ́kú ti Famicom, ẹ̀rọ tí Nintendo gbé jáde ní ọdún 1983, tí wọ́n kún ọjà ní àwọn ọdún 1990, tí kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo sì máa ń kó ọ̀pọ̀ géèmù sínú.

Nítorí pé kì í ṣe gbogbo òbí ló lè ra ẹ̀rọ náà, tí iná mànàmáná kò sì ṣe é gbára lé, ni òwò ilé géèmù fi rí ẹsẹ̀ walẹ̀. Ẹni tó ní tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ géèmù àti jẹnẹrétọ̀ a gba ṣọ́ọ̀bù, a to bẹ́ńṣì síbẹ̀, a sì máa gbowó lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Pádì méjì, ìyẹn ohun tí wọ́n ń tẹ̀ lọ́wọ́ láti darí eré, ló wà nídìí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá fìdí rẹmi a sì gbé tirẹ̀ fún ẹni tó kàn. Nígbà tí Yunifásítì Adékúnlé Ajásin kó wá sí Àkùngbá, láàárín Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, ní nǹkan bí ọdún 2000, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ rọ́ wá sí agbègbè náà, àwọn gan-an sì ni irú òwò bẹ́ẹ̀ ń wá.

Contra yàtọ̀ sí ayò ní ti pé àwọn méjì tó ń ṣe é kì í ṣe alátakò, alábàárìn ni wọ́n. Ní ìpele kẹta, níbi tí àwọn sójà ti ń fò gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi tó ń dà wálẹ̀ láti orí àpáta, ẹni tó bá ṣe wàdùwàdù yóò fa àwòrán lọ sókè, ẹni tó kù lẹ́yìn yóò sì kú bí ìsàlẹ̀ àwòrán bá ti lé e bá. Lórí ẹ̀rọ kékeré, ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ tán lè mú nínú ẹ̀mí tó kù fún ẹnìkejì, kí wọ́n lè jọ máa bá ogun lọ. Ọgbọ́n bọ́tìnnì títẹ̀ kan tún wà, tí Kazuhisa Hashimoto, òṣìṣẹ́ Konami, kọ́kọ́ fi sínú géèmù Gradius ní ọdún 1986; nínú Contra, ó ń sọ ẹ̀mí mẹ́ta di 30, ẹnu ni àwọn ọmọ sì fi ń kọ́ ara wọn.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Konami gbé Contra: Operation Galuga jáde, èyí tí ilé iṣẹ́ WayForward ti Amẹ́ríkà tún mọ láti ìpìlẹ̀. Àwòrán rẹ̀ dán ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n wọn kò mú àyè ẹnìkejì kúrò: ẹni méjì ṣì lè jọ la ìtàn náà já nídìí tẹlifíṣọ̀n kan. Ohun tó yẹ kí Àkókó náà dì mú nìyí, ní àkókò tí fóònù ti sọ géèmù di ohun tí ọmọ ń dá ṣe ní kọ̀rọ̀, tí kò ní láti dúró de ẹnikẹ́ni tàbí yọ̀ǹda ohunkóhun fún un. Ohun tó ń kó èrò lọ sí ilé géèmù, bí èyí tó ń kó wọn jọ sídìí ọpọ́n, ju ẹ̀rọ lọ. Nítorí náà, òbí, olùkọ́ tàbí onílé géèmù tó bá fẹ́ kí eré kọ́ ọmọ ní sùúrù àti ìfọwọ́sowọ́pọ̀, kí ó rí i pé pádì kejì wà nílẹ̀, kí ó sì wá ẹni tí yóò gbé e.