Ìrìn Ìwòran ní Whitechapel: Bí Ojú Ibi Ìpànìyàn Ṣe Di Ọjà

Whitechapel àti Spitalfields jẹ́ àdúgbò méjì tí ó fara kọ́ra ní ìhà ìlà-oòrùn ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ní ẹ̀yìn odi àtijọ́ tí ó yí àárín gbùngbùn ìlú náà ká. Ibẹ̀ ni òwò kan ti gbilẹ̀ tí a lè pè ní ìrìn ìwòran ọ̀daràn: afinimọ̀nà kan yóò kó àwọn àlejò jọ ní ìrọ̀lẹ́, yóò gba owó lọ́wọ́ wọn, yóò sì máa mú wọn rìn láti òpópónà kan dé òmíràn, tí yóò máa dúró ní ojú ibi tí a ti pa ènìyàn láti sọ bí ikú náà ṣe wáyé. Ọdún 1888 ni ìpànìyàn tí òwò yìí dá lé lórí ṣẹlẹ̀, nígbà tí ẹnì kan tí ọwọ́ òfin kò tẹ̀ títí di òní pa obìnrin márùn-ún, ó kéré tán, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó dìgbà tí ọ̀rọ̀ náà di ìtàn kí ẹnikẹ́ni tó máa fi í pawó, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí, nítorí ẹ̀jẹ̀ kò tíì gbẹ nílẹ̀ tí a ti ń ta ìwòran rẹ̀, àti pé láti ọjọ́ náà ni ìtàn apànìyàn ti gbé ìtàn àwọn tí a pa mì.

Ó ti pẹ́ tí àdúgbò náà ti jẹ́ ibùdó àwọn tí kò ríbi fẹ̀yìn tì. Ìta odi ìlú ni ó wà, ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣẹ́ tí òórùn iṣẹ́ wọn kò bá ọlọ́rọ̀ lára mu, bí àwọn oníṣẹ́ awọ àti àwọn apẹran, fi fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 1685, nígbà tí ọba ilẹ̀ Faransé fagi lé òfin tí ó ń dáàbò bo àwọn Kristẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ Àgùdà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn Kristẹni wọ̀nyí, tí à ń pè ní Huguenot, sá wá sí Spitalfields, wọ́n sì sọ ọ́ di ojúkò iṣẹ́ aṣọ ṣẹ́dà híhun. Ní igun ibi tí òpópónà Fournier ti pàdé Brick Lane, wọ́n kọ́ ilé ìjọsìn kan ní ọdún 1743. Àwọn ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì lò ó lẹ́yìn wọn, ó di sínágọ́gù àwọn Júù ní ọdún 1898, ó sì di mọ́ṣáláṣí ní ọdún 1976 nígbà tí àwọn ará Bangladesh ti pọ̀ ní àdúgbò náà. Ilé yìí nìkan tó láti fi kọ́ni ní ìtàn gbogbo àdúgbò, ó sì ṣeni láàánú pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń tẹ̀lé afinimọ̀nà ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìgbójú sókè, nítorí pé kò sí ẹni tí a pa níbẹ̀.

Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1888, iṣẹ́ ṣẹ́dà ti kú, àwọn ilé ńláńlá tí àwọn awunṣọ ń gbé tẹ́lẹ̀ sì ti di yàrá wẹ́wẹ́ tí ìdílé kan ń háyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn Júù tí ó sá fún ìkọlù ní ilẹ̀ ọba Rọ́ṣíà lẹ́yìn tí wọ́n pa ọba Alexander Kejì ní ọdún 1881 ti rọ́ wá, wọ́n ń ránṣọ, wọ́n ń ṣe bàtà, wọ́n sì ń bá àwọn onílẹ̀ du ilé àti iṣẹ́ tí kò tó nǹkan. Ẹni tí kò lè háyà yàrá a máa lọ sí ilé ìsùnmọ́jú, ìyẹn ilé tí onílé ti to bẹ́ẹ̀dì sí gbọ̀ngàn kalẹ̀, tí ẹni tí ó bá fẹ́ sùn yóò san pẹ́nì mẹ́rin fún bẹ́ẹ̀dì kan lálẹ́ ọjọ́ kan, tí yóò sì jáde lọ ní òwúrọ̀ láti tún wá owó alẹ́ mìíràn. Òpópónà Dorset, Thrawl àti Flower and Dean kún fún irú ilé bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Charles Booth, oníṣòwò tí ó ṣe ìwádìí nípa ìṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, gbé máàpù rẹ̀ jáde ní ọdún 1889, tí ó fi àwọ̀ ya ọlọ́rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára tálákà láti òpópónà dé òpópónà, àwọ̀ dúdú, tí ó fi sàmì sí ibi tí ó burú jù lọ, ni ó kun sórí àwọn kan nínú wọn.

Pẹ́nì mẹ́rin yìí ni ọ̀rọ̀ náà dúró lé. Mary Ann Nichols, ẹni tí a kọ́kọ́ kà mọ́ àwọn márààrún, ti jẹ́ aya òṣìṣẹ́ ìtẹ̀wé kan rí, ó sì bí ọmọ márùn-ún kí ìgbéyàwó náà tó tú. Ní òru tí ó mọ́ ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, wọ́n lé e jáde ní ilé ìsùnmọ́jú tí ó wà ní òpópónà Thrawl nítorí pé kò ní owó bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́, kí ilẹ̀ sì tó mọ́ ni wọ́n bá òkú rẹ̀ ní Buck's Row. Annie Chapman, opó ẹni tí ń wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin fún àwọn ọlọ́lá, náà kò rí owó bẹ́ẹ̀dì san ní òpópónà Dorset ní òru ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án, ẹ̀yìnkùlé ilé kọkàndínlọ́gbọ̀n ní òpópónà Hanbury ni a sì ti rí i. Ní ọjọ́ 30 oṣù kan náà, obìnrin méjì ni wọ́n pa ní òru kan ṣoṣo: Elizabeth Stride, tí a bí ní ilẹ̀ Sweden, àti Catherine Eddowes, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kent dé níbi tí òun àti ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé ti lọ ṣiṣẹ́ ìkórè. Owó tán lọ́wọ́ wọn débi pé wọ́n fi bàtà ọkùnrin náà dógò kí wọ́n lè rí oúnjẹ jẹ. Àwọn ọlọ́pàá mú Eddowes nítorí ọtí, wọ́n tú u sílẹ̀ ní nǹkan bí aago kan òru, kò sì tó wákàtí kan lẹ́yìn náà tí ọlọ́pàá mìíràn fi rí òkú rẹ̀ ní Mitre Square. Mary Jane Kelly nìkan ni ó ní yàrá tirẹ̀, ní àgbàlá kan tí à ń pè ní Miller's Court, síbẹ̀ ó jẹ gbèsè ṣílè mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ẹni tí onílé rán láti lọ béèrè owó náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ni ó yọjú lójú fèrèsé tí ó sì rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó bá to àwọn ìtàn wọ̀nyí pọ̀ kò lè ṣàìrí i pé ìṣẹ́ ni ó kọ́kọ́ bá wọn kí ọ̀bẹ tó bá wọn.

Ìwé ìròyìn ni ó sọ ikú wọn di ìwòran. Ìjọba ti mú owó orí ìwé ìròyìn àti owó orí pépà kúrò ní ọdún 1855 àti 1861, òfin ẹ̀kọ́ ti ọdún 1870 sì ti mú kí ọmọ mẹ̀kúnnù mọ ìwé kà, nítorí náà ìwé ìròyìn ìrọ̀lẹ́ tí owó rẹ̀ kò ju ààbọ̀ pẹ́nì lọ di ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ń rà. Ọ̀kan nínú wọn ni The Star, tí a dá sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1888 gan-an, tí ó sì rí i pé bí ẹ̀rù bá ṣe ń ba ará ìlú tó bẹ́ẹ̀ ni ìwé ń tà tó. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án, lẹ́tà kan dé ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ kan tí ń pín ìròyìn fún àwọn ìwé ìròyìn, ẹni tí ó kọ ọ́ sì pe ara rẹ̀ ní Jack the Ripper. Láàárín àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá, àwọn kan gbà pé akọ̀ròyìn ni ó kọ ọ́, kì í ṣe apànìyàn, ṣùgbọ́n orúkọ náà ti wọ ìlú lára. Láti ìgbà yẹn ni a ti ní orúkọ tí a lè kọ sára pátákó, òwò tí ó wà lónìí ì bá sì ṣòroó tà láìsí i.

Àwọn ará àdúgbò fúnra wọn kò dúró de ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n rí òkú Annie Chapman, èrò ya bo òpópónà Hanbury, àwọn tí fèrèsé wọn kọjú sí ẹ̀yìnkùlé náà sì ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ yọjú wò ó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń kiri oúnjẹ gbé igbá wọn wá. Ní títì Whitechapel, wọ́n gbé ère tí a fi ìda mọ síta láti fi hàn bí a ṣe ṣá àwọn obìnrin náà. Kò yẹ kí a yára dá àwọn tí ó gba pẹ́nì wọ̀nyí lẹ́bi, nítorí ohun tí ó lé Annie Chapman síta lóru ni wọ́n ń sá fún.

Ìbínú lórí ìṣẹ̀lẹ̀ náà tún já sórí àwọn àjòjì. Ọ̀rọ̀ ń lọ kiri pé Júù kan tí ń wọ épírọ́ọ̀nù awọ ni ó ń pànìyàn, wọ́n sì mú John Pizer, oníṣẹ́ bàtà, ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án kí wọ́n tó rí i pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ní òru tí wọ́n pa Eddowes, ọlọ́pàá rí ọ̀rọ̀ kan tí a fi ẹfun kọ sára ògiri ní òpópónà Goulston, tí ó dárúkọ àwọn Júù, nítòsí ibi tí wọ́n ti rí ègé aṣọ tí a gé lára épírọ́ọ̀nù olóògbé náà. Charles Warren, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù, ní kí wọ́n nu ọ̀rọ̀ náà kúrò kí ilẹ̀ tó mọ́ kí rògbòdìyàn má bàa bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ti bú u nítorí èyí fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rántí bí inú àwọn ènìyàn ṣe ń ru sí àwọn Júù ní ọ̀sẹ̀ náà yóò mọ̀ pé ẹ̀rù tí ó bà á kì í ṣe ẹ̀rù lásán.

Ìrìn ìwòran tí ó ní afinimọ̀nà gan-an bọ́ sórí àṣà kan tí ó ti wà tẹ́lẹ̀, nínú èyí tí àwọn ọlọ́rọ̀ ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù máa ń wá wo bí tálákà ṣe ń gbé, àwọn kan láti ṣe ìrànlọ́wọ́, àwọn mìíràn láti wòran. Samuel Barnett, àlùfáà, àti ìyàwó rẹ̀ Henrietta ti dá Toynbee Hall sílẹ̀ ní ọdún 1884 ní òpópónà Commercial, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lè máa gbé láàárín àwọn tálákà. Ní oṣù kẹrin ọdún 1905, àwọn ọkùnrin ọ̀mọ̀wé díẹ̀ tí wọ́n nífẹ̀ẹ́ sí ọ̀rọ̀ ọ̀daràn, tí Arthur Conan Doyle tí ó kọ ìtàn Sherlock Holmes wà lára wọn, rìn káàkiri ojú ibi ìpànìyàn náà, afinimọ̀nà wọn sì ni Frederick Gordon Brown, dókítà ọlọ́pàá tí ó yẹ òkú Eddowes wò. Gbogbo ohun tí ìrìn òde òní ní ni ó ti wà nínú èyí, àfi owó.

Bí àwọn àlejò ṣe ń pọ̀ sí i ni ohun tí wọ́n ń wá wò ń parẹ́. Wọ́n yí orúkọ Buck's Row padà sí Durward ní ọdún 1892, wọ́n sì sọ òpópónà Dorset ní Duval ní ọdún 1904, nítorí pé orúkọ àtijọ́ ti di ẹ̀gàn fún àwọn tí ń gbé ibẹ̀. Miller's Court lọ pátá nígbà tí wọ́n fẹ ọjà Spitalfields ní ìparí àwọn ọdún 1920, ilé tí ó wà ní òpópónà Hanbury náà sì di wíwó ní àwọn ọdún 1970. Ohun tí afinimọ̀nà ní láti fi han ni lónìí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ògiri ilé-iṣẹ́ lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń gbé ẹ̀rọ kékeré dání tí wọ́n fi ń tan àwòrán òkú sára ògiri. Ẹ̀tọ́ wo ni ó wà nínú kí a fi àwòrán tí a yà fún ìwádìí ṣe ìwòran fún ẹni tí ó ń jẹ ìpanu lọ́wọ́? Ẹni tí ó mọ̀tàn dáadáa kò nílò rẹ̀. Donald Rumbelow, ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ rí tí ó kọ ìwé kan tí ó gbajúmọ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 1975, darí irú ìrìn yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú ìmọ̀ tí ó ní nípa ìwé àkọsílẹ̀ àti iṣẹ́ ọlọ́pàá.

Àwọn obìnrin ni ó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ láti tako òwò náà. Ilé ọtí Ten Bells, tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Christ Church, yí orúkọ rẹ̀ padà sí Jack the Ripper ní ọdún 1976, ṣùgbọ́n nígbà tí ọgọ́rùn-ún ọdún pé ní 1988, ẹ̀hónú mú kí wọ́n dá orúkọ àtijọ́ padà. Ní ọdún 2015, ilé kan ṣí ní òpópónà Cable tí àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ti sọ fún ìjọba ìbílẹ̀ pé yóò jẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìtàn àwọn obìnrin, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jack the Ripper ni ó jẹ́, àwọn ará àdúgbò sì tú jáde láti fi ẹ̀hónú hàn. Ní ọdún 2019 ni Hallie Rubenhold gbé ìwé rẹ̀ The Five jáde, tí ó gba ẹ̀bùn Baillie Gifford, nínú èyí tí ó ti jiyàn pé kò sí ẹ̀rí gidi pé mẹ́ta nínú àwọn márùn-ún jẹ́ aṣẹ́wó, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ayé ti ń sọ ọ́ láti ọdún 1888. Àwọn tí ó ti fi ọjọ́ ayé wọn ṣèwádìí apànìyàn náà bá a jà gidigidi. Yálà a gba gbogbo àlàyé rẹ̀ tàbí a kò gbà á, ó mú kí àwọn afinimọ̀nà kan máa sọ ibi tí a bí obìnrin kọ̀ọ̀kan sí àti ọmọ tí ó bí kí wọ́n tó dé orí ikú rẹ̀.

Ibì kan wà tí ó yẹ kí irú ìrìn bẹ́ẹ̀ dúró pẹ́ sí ju Mitre Square lọ, ìyẹn ẹnu ọ̀nà àbáwọlé kan tí a fi bíríkì kọ́ ní òpópónà Wentworth, tí ó ní ọdún 1886 lára. Òun nìkan ni ó ṣẹ́kù nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ilé-iṣẹ́ kan tí àwọn Júù ọlọ́rọ̀ dá sílẹ̀ kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti wó ilé àwọn tálákà kúrò ní apá kan òpópónà Flower and Dean. Lẹ́yìn ìpànìyàn náà, wọ́n tún wó òmíràn, wọ́n sì tún kọ́ òmíràn, ilé tuntun náà mọ́ tónítóní, ó sì dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó níṣẹ́ tí ń mówó wọlé déédéé ni ó lè san owó rẹ̀. Àwọn tí ń fi pẹ́nì mẹ́rin sùn mọ́jú kó lọ sí òpópónà Dorset àti àwọn òpópónà mìíràn tí kò tíì di wíwó, níbi tí onílé ti ń dúró dè wọ́n pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì kan náà.