Ta Ló Béèrè Yánníbo?

Ẹ̀yin ọmọ mi, gbogbo wa la mọ àlọ́ Ìjàpá tó jẹ àsèjẹ ìyàwó rẹ̀, tí ikùn ọkùnrin wá yọ bíi ti aboyún. Ẹ̀rín là ń rín. Yánníbo ńkọ́? Ọmọ ló ń wá o! Ẹ tún orin inú àlọ́ náà gbọ́: babaláwo ni Ìjàpá ń bẹ̀, kì í ṣe aya rẹ̀. Orúkọ ọkọ ló wà lára ìwé Adébóyè Babalọlá, Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá (1973). Òun náà ló sọdá òkun: Ayapá ni Lydia Cabrera, ọmọ Kúbà, fi ṣe orúkọ ìwé àlọ́ rẹ̀ ní 1971. Ikùn Ìjàpá wú, àlọ́ parí. Yánníbo ṣì ń retí ọmọ.