Fìtílà Ìyá Àgbà

Àwọn baba wa a máa wí pé, bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti fi yé ọmọ ọdún mẹ́fà. Ọmọdé rò pé bí òun ti bá ayé ni ayé ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Bí a bá sì fi orúkọ ọba àti ọdún ogun bẹ̀rẹ̀ ìtàn fún un, yóò há wọn sórí, yóò sì gbàgbé wọn kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Ohun tí ó wà nínú ilé ìyá rẹ̀ ni ó yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀.

Èmi pàápàá ti ṣe àṣìṣe nínú ọ̀ràn yìí rí. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni, ní kíláàsì àwọn ọmọ kékeré. Mo ń yin iná mànàmáná fún wọn, mo sì fi kún un pé inú òkùnkùn ni àwọn baba ńlá wa gbé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá àgbà kan tọ̀ mí wá, wọ́n di nǹkan kan sínú aṣọ. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ-ọmọ mi ní ẹ sọ pé inú òkùnkùn ni ìyá mi gbé." Wọ́n tú aṣọ náà. Fìtílà amọ̀ kékeré kan ni, ẹnu rẹ̀ dúdú fún èéfín. Wọ́n ní, "Èyí ni ìyá mi fi ń wo ojú mi lóru nígbà tí ibà bá ń ṣe mí." Wọn kò bínú, ṣùgbọ́n ojú tì mí púpọ̀. Mo tọrọ ìdáríjì, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jókòó, kí wọ́n kọ́ kíláàsì náà fún mi ní ọjọ́ náà.

Wọ́n fi yé wa pé epo pupa tàbí àdín ni a ń dà sínú fìtílà náà, àti pé òwú tí a lọ́ ni ó ń fa epo náà mu tí ó sì ń jó. Amọ̀ rẹ̀, epo rẹ̀, òwú rẹ̀, ilẹ̀ wa ni ó mú gbogbo wọn jáde.

Lẹ́yìn èyí mo gbé láńtánì karosíìnì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì bi àwọn ọmọ pé, "Níbo ni epo ti èyí ti wá?" Wọn kò mọ̀. Nígbà náà ni ìtàn ńlá rí ọ̀nà wọlé. Ní ọdún 1859 ni àwọn ará Amẹ́ríkà gbẹ́ kànga epo kan tí ó lókìkí ní Pennsylvania, láti ìgbà náà ni karosíìnì sì ti tàn káàkiri ayé. Ní ilẹ̀ tiwa, àwọn Ìjẹ̀bú ni ó ń ṣọ́ ọ̀nà tí ó ti etí ọ̀sà lọ sí òkè, wọn kò sì jẹ́ kí àlejò gbà á kọjá bí ó ti wù ú. Ní oṣù May ọdún 1892, àwọn ọmọ ogun Gómìnà Carter ṣẹ́gun wọn ní Ìmagbọ̀n, ọ̀nà sì ṣí sílẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ń kó ẹrù òyìnbó láti Èkó wá sí ọjà Èjìnrìn, àwọn aláàárù sì ń rù ú lọ sí ìlú òkè. Epo wa ń sọ̀kalẹ̀, epo wọn ń gòkè. Ohun tí ó ya àwọn ọmọ lẹ́nu jù ni pé epo pupa kan náà tí ìyá àgbà ń tàn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń rà láti fi ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là.

Iná mànàmáná dé Èkó ní ọdún 1896. Ní ọdún 1968 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í rí iná láti ìdídò Kainji. Síbẹ̀ nígbà tí iná bá lọ, ta ni kò wá láńtánì rí? Ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ èyí pẹ̀lú: ohun titun kì í fi ìgbà gbogbo pa ohun àtijọ́ ní ọjọ́ kan.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti owó. 40 owó ẹyọ ni a ń sín sórí okùn kan. 50 okùn jẹ́ ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá, èyí tí í ṣe 20,000, jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Owó ẹyọ ti kúrò lọ́jà, ṣùgbọ́n ọ̀kẹ́ ṣì wà nínú ìṣirò wa. Owó Gẹ̀ẹ́sì gba ipò rẹ̀, a sì pe pẹ́nì wọn ní kọ́bọ̀. Nígbà tí náírà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù January ọdún 1973, a fi orúkọ kọ́bọ̀ fún owó titun, 100 rẹ̀ sì jẹ́ náírà kan. Ohun èlò a máa kú, kí orúkọ rẹ̀ máa gbé lẹ́nu wa.

Olùkọ́ tí ó wà ní Àgọ́-Ìwòyè lè fi igbá, abọ́ tánganran àti abọ́ rọ́bà kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Èyí tí ó wà létí omi, ní Ìwópin tàbí ní Abígi, kí ó kó àwọn ọmọ lọ sí èbúté: ọkọ̀ tí a gbẹ́ láti ara igi kan, ọkọ̀ tí a fi pákó kàn, àti èyí tí ẹ́ńjìnnì ń tì. Kí àwọn ọmọ fúnra wọn tò wọ́n láti orí èyí tí ó pẹ́ jù. Lẹ́yìn náà kí a bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rin: Kí ni a fi ṣe é? Ta ni ó ṣe é? Kí ni titun fi sàn ju ti àtijọ́ lọ? Kí ni a pàdánù? Má ṣe fo ìbéèrè ìkẹyìn yìí. Láńtánì mọ́lẹ̀ ju fìtílà lọ, ṣùgbọ́n ìyá tí ń fi epo oko rẹ̀ tanná kò gbé owó lọ sọ́jà nítorí ìmọ́lẹ̀.

Ọmọ tí a kò bá kọ́ báyìí yóò rò pé òmùgọ̀ ni àwọn tí ó ṣáájú òun. Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀mí-ìn: ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tí a fi ń tanná lóru lónìí, àwọn ọmọ-ọmọ wa yóò rí i, wọn yóò sì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí agogo lù ní ọjọ́ náà, ọmọ-ọmọ ìyá àgbà ni ó gbé fìtílà náà padà lọ sílé. Ọwọ́ méjèèjì ni ó fi gbé e.